Bí ẹ ṣe lè tún wáíńdà aago ọwọ́ àtijọ́ tó ti tú ṣe

Wáíńdà aago bàbá mi àgbà bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí mo ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké. Mo fà á jáde láti fi aago náà sí àkókò, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, ló bá yọ bí eyín ọmọ ọdún méje. Òṣìṣẹ́ réluwéè ni bàbá àgbà yìí, Láfẹ́ńwá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ojú irin ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti là á dé Ìbàdàn ní 1901, ẹni tó bá sì ń jẹun nídìí ọkọ̀ ojú irin, aago ni ọ̀gá rẹ̀. Mi ò lè fi aago yẹn sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ kó máa jẹ eruku.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ní òun ń tún aago ṣe. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dá a padà fún mi: súpà gúlúù ló kán sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wáíńdà ti gan mọ́ ara aago, kò ṣeé yí, kò ṣeé fà. Lábẹ́ gíláàsì, nǹkan funfun kan ti bo ojú aago bí ìrì òwúrọ̀. Èéfín súpà gúlúù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá há sínú ibi tó ṣe pinpin. Nígbà tí mo wá gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá alágoo kan tí tábìlì wọn wà lọ́nà Ìtòkú, wọ́n fi dígí sójú, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, “Ò bá ti tètè mú un wá, ọmọ mi.” Wọ́n ní láti gé wáíńdà náà dànù kí ẹ̀rọ tó lè jáde. Wáíńdà tí aago yẹn bá wáyé, tí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lórí rẹ̀, bó ṣe lọ nìyẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ Sátidé. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, ọwọ́ wọn ni mo ti rí i, ọwọ́ tèmi náà sì ti ṣe é lára aago tó pọ̀ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti tú

“Wáíńdà aago mi ń mì” kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni tó ní inú ń run òun: ẹ gbọ́dọ̀ bi í pé níbo gan-an. Gúlúù tí wọ́n kán sí aago bàbá mi àgbà, wọ́n kán an kí wọ́n tó béèrè ni.

Wáíńdà ni kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ aago tí à ń fi ìka méjì yí. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó wọ inú ẹ̀rọ lọ. Tẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pá náà fi so mọ́ wáíńdà. Tó bá wọlé díẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró kan yí ara rẹ̀ ká. Ìkọ́ kan nínú ẹ̀rọ ló ki ẹnu bọ kòtò yìí, òun ló di ọ̀pá mú kó má bàa jáde. Lẹ́yìn kòtò, ọ̀pá náà di onígun mẹ́rin, ibẹ̀ ni gíà tó ń yí sípíríńgì ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ìparí rẹ̀ wá rí ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó ki ìyẹn bọ ihò kan nínú ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, ọwọ́ yín á sọ púpọ̀ fún yín.

Bí wáíńdà nìkan bá yọ, tí ọ̀pá kù sínú aago, tẹ́ẹ̀dì ló tú. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló rọrùn jù. Ohun tó ń fà á yẹ kó yé yín: bí a bá ń fún aago ní wáíńdì, apá ọ̀tún là ń yí i sí, apá ọ̀tún yẹn náà ló ń fún tẹ́ẹ̀dì pọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá fà á jáde láti sún ọwọ́ aago, tí a wá ń yí i sí òsì, ńṣe là ń tú u díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣe àtúnṣe àkókò ni ó sábà máa ń bọ́.

Bí wáíńdà bá jáde tòun tọ̀pá, ìkọ́ ni kò dì í mú mọ́, tàbí kí ọ̀pá ti kán. Ẹ wo ìparí ọ̀pá náà dáadáa. Bí ẹ bá rí kòtò, ẹ rí igun mẹ́rin, ẹ rí ṣóńṣó, odindi ni. Bó bá parí síbi kòtò, tí ojú ibẹ̀ rí játijàti bí ìrèké tí wọ́n fi ọwọ́ ṣẹ́, ó ti kán, ìyókù ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Bó bá ń mì lọ mì bọ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́, páìpù kékeré tí ọ̀pá gbà wọlé lára aago ló ti jẹ, tàbí rọ́bà inú wáíńdà ló ti kú. Bó bá ń jáde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ tì í wọlé, tàbí tí kò dúró síbi tí ẹ fà á dé, irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ojú aago ló ti ṣẹ́. Bí ẹ bá sì ń yí i, yí i, tí kò le rárá, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá wáíńdà: sípíríńgì lè ti já, tàbí kí eyín gíà ti jẹ. Àwọn wọ̀nyí, ẹ gbé e fún alágoo.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Seiko 5 àtijọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí àwọn tó ní ẹ̀rọ 7009 tàbí 7S26, kò ṣeé fún ní wáíńdì látọwọ́ rárá. Mímì tí ọwọ́ ń mì bí a ti ń rìn ló ń fún wọn lágbára. Wáíńdà wọn tó ń yí lófo kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó sanwó àtúnṣe fún ohun tí kò bàjẹ́.

Ibi iṣẹ́ àti irinṣẹ́

Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti ń wọlé, kí ẹ pa fáànù. Mo mọ̀ pé ooru Abẹ́òkúta kì í ṣe kékeré, àpáta tó yí wa ká sì ń mú ooru pamọ́ di alẹ́, àmọ́ síkúrúù inú aago kéré débi pé atẹ́gùn fáànù lè gbé e lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé pẹ̀lú, eruku rẹ̀ ń wọ ibi tí ojú kò tó. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tí kì í já fọ́nrán sínú tíréè tó létí. Aṣọ àdìrẹ wa dára lára, kò dára fún iṣẹ́ yìí: síkúrúù tó bá já sórí rẹ̀, ẹ lè wá a di ọ̀la.

Ẹ nílò síkúrúdíráfà alágoo tí ẹnu rẹ̀ wà láàárín mílímítà 0.8 sí 1.2, ẹ̀mú ẹlẹ́nu tíntín, dígí tó ń mú nǹkan tóbi, igi ìtayín, òògùn inú láítà, àti gúlúù tí wọ́n dìídì ṣe fún síkúrúù, irú Loctite 222 tàbí 243. Ẹ lè rí gúlúù yìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi súpà gúlúù rọ́pò rẹ̀ fún yín. Gúlúù síkúrúù kì í gan níbi tí afẹ́fẹ́ wà, àárín irin méjì tó fún ni ó ti ń gan, kì í sì í funfun sójú aago. Ẹ tún wá nǹkan tí ẹ máa fi di ọ̀pá mú. Ẹ̀mú kékeré onísíkúrúù tí àwọn alágoo ń lò ló dára jù. Ẹ má lo pílíásì: ẹnu rẹ̀ yóò jẹ tẹ́ẹ̀dì.

Ṣíṣí ẹ̀yìn aago

Ẹ jẹ́ kí aago náà ṣiṣẹ́ títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ìyẹn lè ju wákàtí 30 lọ, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi èékánná wá ibi tó yọrí díẹ̀ létí, ẹ ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ ibẹ̀, kí ẹ yí i wẹ́rẹ́. Ẹ má dojú ọ̀bẹ kọ ọwọ́ tó di aago mú. Bó bá jẹ́ onítẹ́ẹ̀dì, bọ́ọ̀lù rọ́bà àwọn ọmọdé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín díẹ̀ yóò ṣí i: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn aago gírígírí, kí ẹ yí i sí òsì. Ẹnu kọ́kọ́ yà mí nígbà tí mo rí i. Aago tí kò bá ní ẹ̀yìn tó ń ṣí rárá, iwájú ni ẹ̀rọ rẹ̀ gbà wọlé, ọ̀pá rẹ̀ sì lè jẹ́ oríkèé méjì tó so kọ́ra. Wáíńdà irú èyí tó bá jáde lè má bàjẹ́, ó kàn tú kúrò lára èkejì ni. Ẹ jẹ́ kí alágoo wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Síkúrúù kan ṣoṣo yẹn

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ jù rèé.

Ẹ wo inú ẹ̀rọ láti ibi tí ọ̀pá gbà wọlé. Ẹ ó rí síkúrúù kékeré kan nítòsí ọ̀pá náà, ó sábà máa ń dá wà, kò sí lára àwọn ńlá tó de àwọn irin pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rọra fa wáíńdà jáde sí ibi ìsún-ọwọ́, ẹ óò rí i tí síkúrúù náà ń bá a mì díẹ̀. Òun gan-an nìyẹn, nítorí òun ló so mọ́ ìkọ́ tí mo ní ó di ọ̀pá mú. Ẹ ti wáíńdà padà wọlé. Ẹ fi síkúrúdíráfà tú síkúrúù náà ní ìyípo kan péré. Ẹ gbìyànjú láti fa wáíńdà. Bí kò bá jáde, ẹ fi ìlàjì ìyípo kún un, kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ má kánjú, ẹ má sì tú u jáde tán.

Bí ẹ bá tú u kọjá ààlà, ìkọ́ náà á já bọ́ sí abẹ́ ojú aago, níbi tí ọwọ́ yín kò lè dé láìjẹ́ pé ẹ yọ ọwọ́ aago àti ojú rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ń gbọ́ tí síkúrúù náà ń rọ̀ mí lọ́wọ́, mo ní kí n yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbọ́ “kín-ín” kékeré kan nínú aago. Bàbá ò bá mi wí. Wọ́n kàn gba aago náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn aago mìíràn kò ní síkúrúù yìí. Ibi róbótó kan tó jin díẹ̀ ló wà nítòsí ọ̀pá, nígbà mìíràn pẹ̀lú àmì ọfà. Ẹ fi ẹnu síkúrúdíráfà tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ máa fa wáíńdà pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jìn.

Bó bá jẹ́ pé wáíńdà ti bọ́, tí ọ̀pá nìkan ló kù, ẹ dá wáíńdà padà sórí rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ẹ lè rí nǹkan fà.

Fífọ̀ àti ìdánwò

Ẹ di ọ̀pá mú, kí ẹ yí wáíńdà kúrò lára rẹ̀. Ẹ ki igi ìtayín tí ẹ fi òògùn láítà tutù bọ ihò wáíńdà, kí ẹ máa yí i títí ẹnu rẹ̀ yóò fi jáde ní mímọ́. Ohun dúdú tó ń tẹ̀lé e, òógùn, ìpara àti irin tó jẹ ni, ti ọdún púpọ̀. Ẹ fi aṣọ nu tẹ́ẹ̀dì ọ̀pá bákan náà. Òògùn yìí ń gbaná o, ẹ gbé sítóòfù àti àbẹ́là jìnnà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí wáíńdà mọ́ ọ̀pá ní gbígbẹ, láìfi gúlúù sí i. Bó bá wọlé, tó sì dúró gírí, tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yè. Bó bá ń yí láìdúró, tẹ́ẹ̀dì ti jẹ, gúlúù kò sì lè dípò irin tó ti jẹ tán. Ọ̀pá tí ìpẹtà ti jẹ ní ibi kòtò náà, ẹ má dá a padà, ibẹ̀ ló máa ń kán.

Ọ̀pá tuntun kì í ṣòro rí bí ẹ bá mọ nọ́ńbà ẹ̀rọ aago yín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin inú rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítòsí kẹ̀kẹ́ tó ń fì lọ fì bọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Àwọn alágoo àgbà ní agolo mílíìkì tó kún fún ọ̀pá àti wáíńdà láti ara aago tó ti kú, ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wá a. Tẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ aago jẹ́ mílímítà 0.9, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn, nítorí náà ẹ mú wáíńdà yín dání lọ.

Ọ̀pá tuntun máa ń gùn jù, ẹ̀yin lẹ máa gé e. Ẹ fi sínú aago, ẹ wo iye tí wáíńdà fi jìnnà sí ara aago, kí ẹ gé díẹ̀ dín sí ìyẹn ní orí tẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá fi fáìlì rín ìyókù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èyí tó gùn, ẹ lè tún un rín. Èyí tó kúrú ti di èyí tí ẹ máa jù nù. Wáíńdà tó bá dọ́gba máa ń sún mọ́ ara aago pẹ́kípẹ́kí, síbẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án débi tí kò ní lè yí.

Gúlúù

Ẹ kán gúlúù síkúrúù díẹ̀ sórí bébà, kí ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Ohun tó bá dúró lẹ́nu abẹ́rẹ́ yẹn ti tó. Ẹ fi kan orí tẹ́ẹ̀dì, níbi tó máa kọ́kọ́ wọ wáíńdà, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Tó bá ṣẹ́kù, inú wáíńdà ni yóò há sí, kò ní tú síta. Ẹ di ọ̀pá mú níbi tó dán, kí ẹ yí wáíńdà mọ́ ọn sí ọ̀tún títí yóò fi dúró. Agbára ìka ti tó. Ẹ nu etí rẹ̀.

Ẹ gbé e sórí tíréè di ọjọ́ kejì, ó kéré tán wákàtí 24. Lóòótọ́, ó ti máa ń di mú láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn ló sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá dá a padà sínú aago kó tó gan, gúlúù tó ṣì tutù lè ṣàn dé páìpù, ẹ óò sì bá ara yín níbi tí èmi ti bẹ̀rẹ̀.

Dídá a padà

Ẹ fi gírísì aago díẹ̀ ra rọ́bà inú wáíńdà. Bí rọ́bà náà bá ti le bí èékánná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Òun ló ń lé omi àti òógùn. Òróró màṣíìnì ìránṣọ kò bójú mu níbí, ó máa ń ṣàn lọ síbi tí a kò rán an.

Ẹ ki ọ̀pá wọlé tààrà. Nígbà tó bá dúró, ẹ má ti í pẹ̀lú agbára: igun mẹ́rin rẹ̀ ń wá ihò igun mẹ́rin inú gíà ni. Ẹ máa yí wáíńdà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ ti ń tì í, yóò wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ di síkúrúù náà padà títí yóò fi dúró, kí ẹ má fún un pa. Ẹ fà á wò jẹ́jẹ́. Ó yẹ kó lọ sí ibi ìsún-ọwọ́, kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ tì í padà, kí ẹ yí i sí ọ̀tún, kí ẹ gbọ́ bó ti ń ké tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀. Bó bá tún jáde tòun tọ̀pá, ìkọ́ ti já bọ́ lábẹ́ nìyẹn, ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ gbé e fún alágoo.

Ní ti páìpù tó ti jẹ, rọ́bà tuntun lè mú kí mímì rẹ̀ dín kù. Bí kò bá dín, wọ́n ní láti yọ páìpù náà kí wọ́n sì tẹ òmíràn sí i, iṣẹ́ yẹn nílò irinṣẹ́ tí kì í sí nílé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ẹ̀yìn aago padà, ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ fún un ní wáíńdì. Bí aago bá wà lọ́rùn ọwọ́, ìka máa ń fa wáíńdà sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ṣe ń tẹ̀, tí páìpù sì ń jẹ. Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa yí i, ní àkókò kan náà, kí ẹ sì dúró nígbà tó bá le. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé aago náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo àárín wáíńdà àti ara aago. Bí àyè ibẹ̀ bá ṣì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ ti í wọlé, gúlúù yín ti mú. Bó bá ti fẹjú, ẹ má yí i mọ́, ẹ ṣí i kí ẹ tún tẹ́ẹ̀dì náà fọ̀.